Bí mo ṣe sọ kọ̀ǹpútà àlòkù di server ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò lè gbé Windows 11 ló ti di ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀kan wà ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣómólú, Dell OptiPlex 7010. Páálí ìwé ni wọ́n ń kó lé e lórí. Core i5 ìran kẹta ni ọpọlọ tó wà níkùn rẹ̀. Windows 11 kò fẹ́ rí irú ẹ̀ sójú, ṣùgbọ́n ká máa pín fáìlì fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin-márùn-ún, ìyẹn iṣẹ́ server, iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni lọ́wọ́ ẹ̀.

Fúláàṣì tí wọ́n fi ń gbé fáìlì kiri ló ń dà wọ́n láàmú. Ìwé ìpè ìgbéyàwó kan náà á wà lórí kọ̀ǹpútà méjì, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á wá lọ tẹ èyí tí wọn kò tíì tún orúkọ bàbá ìyàwó ṣe níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wá ibì kan tí gbogbo fáìlì yìí á máa gbé, kí n sinmi ariwo."

Mo tú u palẹ̀. Eruku bébà ti bo fáànù pátápátá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ́n dànù. Mo pààrọ̀ bátìrì róbótó CR2032, torí bí wọ́n bá ti yọ wáyà ẹ̀ báyìí, aago rẹ̀ á padà sẹ́yìn, ọjọ́ ara fáìlì á sì dàrú. Mo ra RAM DDR3 àlòkù kún un ní Computer Village, Ìkẹjà, kó lè pé 8GB. Kò wọ́n, torí kọ̀ǹpútà tuntun kò lò ó mọ́.

Hard disk nìkan ni mo kọ̀ pé a ò ní fi àlòkù ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣebí èyí tó wà nínú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo fi smartctl, ètò tó ń yẹ ìlera hard disk wò, yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú wọn: Reallocated_Sector_Ct kì í ṣe òdo mọ́, ìyẹn ni pé àwọn ibì kan ti ń kú lára ẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n mówó wá. A ra tuntun méjì, mo fi ètò kan tó ń jẹ́ mdadm so wọ́n pọ̀, kí ohun tó bá wọ ọ̀kan máa wọ èkejì. SSD kékeré kan gba Debian fúnra rẹ̀, ìyẹn Linux tó rọ́pò Windows.

Mi ò fi desktop, ojú àwòrán tí èèyàn ń fi máúsì tẹ̀, sí i. Kò sẹ́ni tó máa jókòó sídìí ẹ̀. SSH tí mo fi ń darí ẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, àti Samba tó ń pín fáìlì, ti tó. Àwọn tó ń ya iṣẹ́ lè kọ, wọ́n lè pa rẹ́; ọmọ ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kàn lè ṣí i ni. Wáyà ni mo fi so gbogbo wọn mọ́ router, torí fáìlì CorelDRAW tó kún fún fọ́tò á máa falẹ̀ lórí Wi-Fi.

Iná gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bó ṣe ń tan, mo tẹ F2, mo wọ Power Management, mo yí AC Recovery sí Power On, kó lè dìde fúnra rẹ̀ bí NẸ́PÀ bá mú iná dé. Mo so UPS mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà USB, mo sì fi NUT, ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, sí i, kó máa pa server jẹ́ẹ́jẹ́ kí bátìrì tó tán. Mo fa plọ́ọ̀gì yọ lára ògiri: UPS ń ké, server ń bá iṣẹ́ lọ, ìgbà tí bátìrì lọ sílẹ̀ ló tó palẹ̀ mọ́, tó sì kú. Ẹ rí i pé NUT ní kí UPS náà gé iná lẹ́yìn ìyẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí iná bá dé kí bátìrì UPS tó tán pátápátá, server lè má mọ̀ pé iná lọ rárá, kò sì ní jí.

Hard disk méjì yẹn kì í ṣe backup, ẹ̀dà ìpamọ́, o. Bí ẹnì kan bá pa fáìlì rẹ́, méjèèjì ló máa pàdánù ẹ̀. Rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ, ló ń kó ẹ̀dà sórí hard disk kẹta tó wà níta. Òru ni wọ́n sábà máa ń ní ká fi í sí, ṣùgbọ́n ta ló ń tan jẹnẹ́ lóru ní ṣọ́ọ̀bù? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tiwa, ẹ̀gbọ́n mi á sì gbé e lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ní báyìí wọ́n fẹ́ máa rí fáìlì láti ilé. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mi ò ní ṣí Samba sí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé. WireGuard, VPN tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti ilé wọ ṣọ́ọ̀bù, ni mo máa gbé sí i.