Bí ẹ ṣe lè dá pẹ́pẹ́yẹ olójú funfun mọ̀ ní Ifẹ̀

Ẹ fi etí wá a kí ẹ tó fi ojú wá a. Pẹ́pẹ́yẹ inú igbó yìí (Dendrocygna viduata lorúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é) kì í ké bíi ti ilé. Ńṣe ló ń súfèé. Ohùn tínrín ni, ìró mẹ́ta: fí-fí-fíù. Nínú akùrọ̀ tí mo ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ń bomi rin ẹ̀fọ́ nírọ̀lẹ́, wọn a gba orí mi kọjá, nítorí òru ni wọ́n sábà ń wá koríko eléso àti kòkòrò inú omi jẹ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nígbà tí wọ́n bá kóra jọ sí ibi tí omi kù sí. Ẹ dé etí dáàmù Ọpa, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ẹ má rìn tọ àwọn ẹyẹ náà; ẹ jókòó sábẹ́ igi. Bí wọ́n bá ti ń na ọrùn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró jẹ́ẹ́, fífò ló kù.

Ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ìpàkọ́ dúdú, àyà pupa rẹ́súrẹ́sú, ilà wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun wà légbẹ̀ẹ́ ara. Ẹsẹ̀ gùn, ó sì máa ń nàró ṣánṣán. Bó bá ń fò, ẹsẹ̀ náà á yọ kọjá ìrù, kò sì sí funfun kankan lórí apá. Ẹ má wulẹ̀ wá akọ yàtọ̀ sí abo, ọ̀kan náà ni wọ́n rí. Ọmọ rẹ̀ kò tíì ní ojú funfun, ẹrẹ̀ sì lè pa ti àgbà dà. Èyí tí kókó pupa bá wà lójú rẹ̀, ti ilé ló ṣìnà. Èyí tó ń fi ọmọ ìka gígùn rìn lórí ewé òṣíbàtà kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ rárá.

Ohun tó wù mí jù lára wọn ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn. Lọ́sàn-án, wọn a tò sétí omi, ọ̀kan á ki ẹnu bọ ìyẹ́ ọrùn èkejì, á máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣe tán, èkejì náà á ṣe fún un. Mo lè gbé ọkọ́ sílẹ̀ kí n máa wò wọ́n títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ẹyin pàápàá, takọ-tabo ló ń sàba lé e ní àsìkò òjò, nínú koríko nítòsí omi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ro oko létí odò, bí ẹyẹ bá já lójijì láti ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ro ìyókù, kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹyin fi ń pa. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀ títí wọn á fi kó ọmọ wọn wọ omi.