Bí a ṣe ń ṣírò gáàsì àti ìdúró kí a tó mòòkùn dé 60 mítà

Ẹni tó bá fẹ́ mòòkùn kọjá 40 mítà, níbi tí ìmòòkùn afẹ́ máa ń parí sí, gbọ́dọ̀ ṣírò bí yóò ṣe padà sókè kó tó ronú kan ìṣẹ́jú tí yóò lò nísàlẹ̀. Mo kọ ìtọ́ni yìí fún ẹni tó ti kọ́ trimix, ìyẹn àdàlù ọ́síjìn, náítírójìn àti hílíọ̀mù, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n, tó sì fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn àwọn iye tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde fún un. Ọkọ̀ President Coolidge ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Àdó olóró abẹ́ omi ló rì í ní Espiritu Santo, lórílẹ̀-èdè Vanuatu, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1942. Iwájú rẹ̀ wà ní nǹkan bí 20 mítà, ìdí rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 70. A ó fi 60 mítà ṣe ìsàlẹ̀ tiwa, a ó sì fẹ́ lo ìṣẹ́jú 25 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, pẹ̀lú àkókò tí a fi sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Báà ni a fi ń wọn ipá. Lórí omi, ipá afẹ́fẹ́ jẹ́ báà 1, mítà 10 kọ̀ọ̀kan nínú òkun sì ń fi báà 1 kún un, nítorí náà 60 mítà jẹ́ báà 7. Lábẹ́ irú ipá bẹ́ẹ̀, náítírójìn àti hílíọ̀mù tí ara kò lò máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, bí a bá sì gòkè kíákíá, wọn a di ìhó síbẹ̀. Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé sí etíkun Nàìjíríà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, lo nǹkan bí wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà ní nǹkan bí 30 mítà. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ rí i, wọn kò lè mú un jáde sí gbangba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yàrá tí a ti ń dín ipá kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí. Ìmòòkùn tiwa kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìdúró tirẹ̀, ìyẹn ibi tí a ti ń dá dúró lójú ọ̀nà ìgòkè kí gáàsì lè jáde lára díẹ̀díẹ̀, gáàsì kò sì gbọdọ̀ tán lẹ́nu ìdúró.

Ọ́síjìn ni a kọ́kọ́ ń wò nínú gáàsì ìsàlẹ̀, èyí tí a ó máa mí ní 60 mítà. Ipá rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá báà 1.4 níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́. 18% ní báà 7 jẹ́ 1.26, èyí tó dára, tí a sì tún lè mí lórí omi láìséwu. Náítírójìn tó pọ̀ máa ń pani bí ọtí ní ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi hílíọ̀mù rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú hílíọ̀mù 45%, ọpọlọ wọn sì máa ń já gaara. Síbẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n ń gbójú fò, ìyẹn ni bí gáàsì náà ṣe ki tó. Ní 60 mítà, lítà afẹ́fẹ́ lásán kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 9, nígbà tí ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ jẹ́ 5.2, kí ó má sì kọjá 6.2 rárá. Gáàsì tó bá ki jù kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró tú carbon dioxide síta bó ṣe yẹ, carbon dioxide tó bá sì gbára jọ a máa kó ìpayà àti èémí kúkúrú bá ènìyàn níbi tí kò ti sí àyè fún wọn. Hílíọ̀mù 45% fún wa ní 5.6, 50% sì fún wa ní 5.2. Mo mọ̀ pé hílíọ̀mù wọ́n, ṣùgbọ́n 18/50 ni n ó mú, ìyẹn ọ́síjìn 18% àti hílíọ̀mù 50%.

Fún ìgòkè, a ó gbé sílíńdà méjì mìíràn: ọ́síjìn 50% tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí ní 21 mítà, níbi tí ipá rẹ̀ ti jẹ́ 1.55, àti ọ́síjìn gidi (100%) tí a kò gbọdọ̀ mí kí a tó dé 6 mítà, níbi tó ti jẹ́ 1.6.

Gáàsì àbọ̀ ló wá kàn, ìyẹn gáàsì tí a ó fi padà sókè, èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí a ó fi kúrò nísàlẹ̀. Ẹ gbà pé ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, gáàsì ẹnìkejì yín tán pátápátá, ẹ̀yin méjèèjì sì ń mí láti inú sílíńdà kan náà pẹ̀lú ìdààmú. Ẹni tó fara balẹ̀ máa ń lo nǹkan bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí omi. Ẹ ka ẹni tí ẹ̀rù bà sí 30, kí ẹni méjì di 60. Ìṣẹ́jú 2 láti yanjú ìṣòro náà ní báà 7 gba lítà 840. Ìgòkè dé 21 mítà, ní mítà 9 fún ìṣẹ́jú kan, kò pé ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n ẹ kà á sí 5. Ìpíndọ́gba ipá ojú ọ̀nà náà jẹ́ báà 5.05, ó sì gba lítà 1,515. Bí ìdúró ìṣẹ́jú 3 bá wà ní 24 mítà, ó gba 612. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,967, ẹ sì kọ 3,000 sílẹ̀.

Sílíńdà méjì oní lítà 12 tí a so pọ̀, tó kún dé báà 232, gba lítà 5,568. Bí a bá yọ 3,000 kúrò, ó ku 2,568, lítà 140 ni ẹnì kan sì ń lò ní ìṣẹ́jú kan ní 60 mítà, nítorí náà ìṣẹ́jú 18 ni a ní, kì í ṣe 25. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń gé gáàsì àbọ̀ kù kí ìṣẹ́jú wọn lè pé, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ dín ìṣẹ́jú kù, tàbí kí ẹ mú sílíńdà méjì oní lítà 15, tí yóò fún yín ní ìṣẹ́jú 28; bí sílíńdà náà bá ti kù sí báà 100, ẹ gbọ́dọ̀ gbéra sókè dandan. Bí wọ́n bá sì rọ gáàsì náà dé báà 200 péré, ìṣẹ́jú 21 ni ẹ ní lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gba etíkun wọ Coolidge gbọdọ̀ ka ìṣẹ́jú tí yóò fi lúwẹ̀ẹ́ lọ tó sì fi bọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú.

Ètò ìdúró fúnra rẹ̀ ń wá láti inú ètò kọ̀ǹpútà tó ń lo ìṣirò Bühlmann, èyí tó pín ara sí ìsọ̀rí 16 gẹ́gẹ́ bí gáàsì ṣe ń yára wọ̀ wọ́n sí. Iye méjì tí wọ́n ń pè ní gradient factor, tí a ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kà, ni a ń fún un: èkíní ń sọ ibi tí ìdúró àkọ́kọ́ yóò wà, èkejì ń sọ bí ara yóò ṣe mọ́ kúrò nínú gáàsì tó kí a tó yọrí. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ gbà pé ìdúró tó jinlẹ̀ gan-an ló dára, ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá ń pẹ́ jù lọ́hùn-ún, àwọn apá ara tó ń lọ́ra ṣì máa ń gba gáàsì sí i. N kì í fi iye èkíní sí abẹ́ 50, mo sì máa ń fi èkejì sí àárín 70 sí 75.

Ká ní ètò náà béèrè ìṣẹ́jú 15 láti 21 dé 9 mítà, àti ìṣẹ́jú 25 ní 6 mítà. Ní ìpíndọ́gba báà 2.5, ti àkọ́kọ́ gba lítà 750. Ti ọ́síjìn gba 800. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó di 1,125 àti 1,200, tí sílíńdà oní lítà 7 tó kún dé báà 200 yóò gbà. Ẹ tún wo májèlé ọ́síjìn: tábìlì NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, fàyè gba ìṣẹ́jú 45 ní ipá 1.6, nítorí náà 25 ti gba 56% nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ àti gáàsì 50% sì sún un dé nǹkan bí 80%. Bí ó bá kọjá 100%, ẹ tún ètò náà ṣe, nítorí gìrì lábẹ́ omi túmọ̀ sí rírì.

Ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún 63 mítà àti ìṣẹ́jú 28, bí ẹ bá ṣèèṣì kọjá ètò, lẹ́yìn náà bíi pé gáàsì 50% sọnù, lẹ́yìn náà bíi pé ọ́síjìn sọnù, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sórí wàláà tí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín yóò gbé wọlé. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi yẹ gáàsì inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan wò ní òwúrọ̀ ìmòòkùn, kí ẹ sì kọ ibi tó jinlẹ̀ jù tí a lè mí in sára rẹ̀ ní nọ́ńbà ńlá, 21 tàbí 6. Nígbà tí ẹ bá dé 21 mítà, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì ka nọ́ńbà náà, kó fi ojú tẹ̀lé okùn láti sílíńdà dé ẹnu yín, kó sì mi orí kí ẹ tó mí in. Bí ohunkóhun kò bá bára mu, ẹ máa mí gáàsì ìsàlẹ̀ lọ títí tí ẹ ó fi rí i yanjú.