Ẹ ya fódà mods Minecraft yín sọ́tọ̀
Ẹ̀yin ará wa l'Óṣogbo tí ẹ ń ṣeré Minecraft Java lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yé kó mods (àwọn àfikún tó ń yí eré náà padà) wọlé kó wọn jáde. Ẹ fún Fabric àti Forge, àwọn ètò tó ń gbé mods ṣiṣẹ́, ní fódà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú launcher (ètò tí ẹ fi ń ṣí eré náà), ẹ lọ sí Installations, ẹ tẹ New installation, kí ẹ yan fódà tuntun síbi Game Directory. Bí ẹ bá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo, Fabric àti Forge á jọ máa wo fódà mods kan náà nínú .minecraft (fódà eré náà gan-an), bí orogún méjì nídìí ààrò kan. Dátà ò ní ṣòfò (ẹ ṣáà mọ bó ṣe wọ́n): assets àti libraries, àwọn fáìlì tí eré náà ti wà sílẹ̀, ṣì wà ní .minecraft. Àmọ́ ayé tí ẹ ti kọ́ nínú eré náà ò ní tẹ̀ lé yín o. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti fódà saves àtijọ́ sínú saves tuntun.