Ọjọ́ tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti bèèrè kẹ̀kẹ́ arọ

Tí bàbá tàbí màmá kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn lẹ́yìn àìsàn, tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ sì fẹ́ wọ bàálù lọ sinmi, ọjọ́ tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti sọ pé ẹ nílò kẹ̀kẹ́ arọ ní pápákọ̀ òfuurufú. Tó bá pẹ́ jù, kó ṣì ku wákàtí 48 kí bàálù gbéra. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù kì í gbowó lórí ẹ̀. Kì í ṣe torí pé onítọ̀hún ò lè rìn o. Ìdúró lórí ìlà àti ìrìn gbọọrọ dé ẹnu géètì ló ń tán ẹni tára rẹ̀ ò tíì le lókun. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ sábà máa ń gba ọ̀nà tó yá, ẹnì kejì á sì tẹ̀ lé wọn. Bàbá tó bá ń ṣagídí pé ẹsẹ̀ òun ṣì le, ẹ ní kó fi agbára yẹn pamọ́ de etíkun. Ẹ bèèrè kẹ̀kẹ́ fún ibi tí ẹ ti máa pààrọ̀ bàálù àti ibi tí ẹ máa balẹ̀ náà; èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn. Oògùn ń kọ́? Inú báàgì ọwọ́ ni, nínú páálí rẹ̀ tí orúkọ wà lára ẹ̀. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ò dípò dókítà: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù lè nílò lẹ́tà dókítà kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé sí bàálù, nítorí náà, ẹ rí dókítà kí ẹ tó sanwó.