Okùn USB ni wọ́n ní kí n pààrọ̀: bí mo ṣe wọn eré dátà lórí serial

₦21,000 ni mo ná sórí okùn USB méjì àti bọ́ọ̀dù tuntun kan (pátákó kékeré tó ń so ẹ̀rọ mi mọ́ USB láptọ́ọ̀pù), kò sì sí èyí tó wúlò fún mi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mi ò tètè wò ló fa gbogbo rẹ̀.

Màmá kan tó ń sin adìyẹ n'Ìkẹ́rẹ́ ló ní kí n ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ka bí ilé àwọn ọmọ adìyẹ òun ṣe gbóná tó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Mo ṣe é, mo gbé e kọ́ sára ògiri, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí oṣù parí, mo gbé láptọ́ọ̀pù láti Adó lọ kó àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Mo ki okùn bọ̀ ọ́, mo ń dúró. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, epo ń jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá yọjú: "Ẹnjiníà, ṣé kò tíì parí ni?" Ó lé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó tán. Ojú tì mí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́, àkọsílẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú kan: 43,200. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 12, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 518,400. 115200 ni mo fi baud sí (iye bíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí serial, ọ̀nà tí bíìtì ti ń tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan), báìtì kan sì ń gba bíìtì 10 tí a bá ka start àti stop, àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, mọ́ ọn, nítorí náà báìtì 11,520 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ gbà!

Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ fún mi ní okùn ni. Mo rà á. Ó ní èyí tó nípọn ló dáa. Mo tún rà á. Ó wá kan bọ́ọ̀dù. Mo gbé baud lọ sí 921600, ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura: bí ọ̀nà bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ tí ọkọ̀ ò sì yára, kì í ṣe ọ̀nà ló níṣòro.

Mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ètò kékeré láti wọn eré náà. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní dátà ń sáré ju ohun tí baud gbà lọ. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Linux, ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù mi, ló ti gba dátà sínú bọ́fà (ibi ìpamọ́ onígbà díẹ̀), tó sì ní òun ti ránṣẹ́, nígbà tí kò tíì jáde. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà ni kí ẹ ti máa ka báìtì.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni mo wá béèrè àkọsílẹ̀ ẹyọ kan, mo sì wo ìgbà tí èsì dé. Mílísẹ́kọ́ńdì 16.0. Mo tún un ṣe: 15.9. 16.1. 16.0. Okùn tó bàjẹ́ kì í ṣe déédéé báyìí. Nǹkan kan ló ń fi aago dá dátà mi dúró.

Chip FT232R, èyí tó ń sọ dátà serial di ti USB, ló wà lórí bọ́ọ̀dù mi, òun náà ló sì wà lórí tuntun tí mo rà. Báìtì 64 ni àpò tó fi ń kó dátà sórí USB, ó ń lo 2 fúnra rẹ̀, ó ku 62. Bí 62 ò bá kún, á dúró bóyá òmíràn ń bọ̀, bí ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ṣe ń dúró de èrò ní gáréèjì. Mílísẹ́kọ́ńdì 16 ni ìdúró náà bí èèyàn ò bá yí i. Báìtì 12 péré lèmi ń béèrè lẹ́ẹ̀kan, tí mo tún ń dúró kí n tó béèrè òmíràn, nígbà 43,200. Mo ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 691, ìṣẹ́jú mọ́kànlá àbọ̀ gẹ́ẹ́. Mo pariwo nínú yàrá!

Nọ́ńbà ìdúró náà wà nínú fáìlì Linux yìí: /sys/bus/usb-serial/devices/ttyUSB0/latency_timer. Mo sọ ọ́ di 1, àkókò já wá sí ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo tún kóòdù ẹ̀rọ náà kọ kí láptọ́ọ̀pù béèrè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀rọ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ìṣẹ́jú àáyá 46, pẹ̀lú okùn àtijọ́, bọ́ọ̀dù àtijọ́, ní 115200. Inú mi dùn dé ọ̀run.

Ká ní mo mọ̀ ni, ìbéèrè kan àti èsì kan ni ǹ bá kọ́kọ́ wọn kí n tó yọ owó. Tí ẹ bá sì yọ okùn, nọ́ńbà yẹn á padà sí 16. Udev rule (àṣẹ tí Linux ń tẹ̀ lé nígbà tí a bá ki nǹkan bọ̀ ọ́) ni mo fi dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń lo Windows á rí i ní Device Manager, lábẹ́ Advanced ti port náà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo dé Ìkẹ́rẹ́, Màmá ti ń lọ tan jẹnẹrétọ̀. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù tó o.