Bí a ṣe ń lo "in", "on", "at" àtàwọn ẹgbẹ́ wọn

Àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn òyìnbó yìí, bó ṣe kéré tó yẹn, ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe WAEC àti JAMB gan-an, kì í sì í ṣe pé wọn ò gbọ́ òyìnbó o. "Ní" ló fà á. Ní Ìbàdàn, ní Mọ́ńdè, ní aago mẹ́fà, "ní" kan náà là ń lò, òyìnbó wá pín iṣẹ́ yẹn fún ẹni mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ń rò ó ní Yorùbá kẹ́ ẹ tó tú u, èyí tó bá sáà ti sún mọ́ ẹnu lẹ máa mú.

Ẹ kọ́kọ́ mú ti àsìkò, òun ló rọrùn jù. Aago ló ni "at", ọjọ́ ló ni "on", oṣù àti ọdún ló ni "in". Ẹ wo òmìnira Nàìjíríà: "in 1960", "in October 1960", àmọ́ tí déètì bá ti wọ̀ ọ́ báyìí, ó di "on 1 October 1960", bó tiẹ̀ jẹ́ pé oṣù àti ọdún ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "in the morning" ṣe ń di "on Monday morning". Alẹ́ ló yàtọ̀, "at night" ni, ẹ kàn há a sórí. Tí "last", "next", "this" tàbí "every" bá sì ti ṣáájú ọjọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i mọ́: "I saw her last Friday."

Tó bá kan ibi téèyàn wà, ẹ bi ara yín pé ṣé inú ibẹ̀ ni, àbí orí ẹ̀, àbí agbègbè ibẹ̀ lásán. "I'm in the bank", ẹ ti wọlé nìyẹn. "I'm at the bank", ẹ lè wà lórí ìlà ATM níta, ó ṣì tọ̀nà. Ti ọkọ̀ ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú: "in a car", "in a taxi", àmọ́ "on a bus", "on a train", "on a plane". Èyí tẹ́ ẹ bá lè dìde rìn nínú ẹ̀, "on" ló sábà máa ń gbà, èyí tẹ́ ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé jókòó, "in" ni.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kẹ́ ẹ wá fara balẹ̀ sí jù, torí kò sí rúùlù kan tó kó gbogbo wọn pọ̀. Àwa máa ń jíròrò nípa nǹkan ni, ìyẹn la ṣe ń gbọ́ "discuss about" káàkiri. "Discuss" ò fẹ́ ẹnì kankan lẹ́yìn ara ẹ̀: "We discussed the matter." Ṣùgbọ́n tó bá ti di "discussion", "about" lè wọlé: "We had a discussion about the matter." "I requested a refund" náà nìyẹn, àmọ́ "I made a request for a refund". "Emphasise" ò gba "on", "emphasis" ló ń gbà á. Ó tún ku "married to" táwọn kan ń pè ní "married with", àti "congratulate someone on".

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ́ yín lára, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìṣe sínú ìwé lóun nìkan, ẹ kọ òun àti ẹni tó ń tẹ̀ lé e pa pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da páragiráàfù kan kọ látinú ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ fi àlàfo sípò gbogbo ọ̀rọ̀ atọ́kùn inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó dí àwọn àlàfo yẹn, kẹ́ ẹ wá fi wé ìwé ìròyìn náà. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣì, ẹ wo àpẹẹrẹ ẹ̀ nínú díkíṣọ́nárì, kẹ́ ẹ sì fi ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an kọ gbólóhùn tiyín.