Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ìṣirò ṣe ìwádìí ìlú àti àyíká

Iṣẹ́ ìwádìí tó bá ti ẹsẹ̀ kan bọ ètò ọrọ̀ ajé àyíká, tó ti èkejì bọ ọ̀rọ̀ ìlú ńlá, tó tún gbára lé ìṣirò pọ́ńbélé, kì í sábà bàjẹ́ níbi tí ìṣirò rẹ̀ ti le jù. Oríta ló ti máa ń bàjẹ́, níbi tí nọ́ńbà kan ti kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, tí ẹnikẹ́ni ò bi í pé níbo lo ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Másítáàsì àti PhD ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ọwọ́ wọn ni irú iṣẹ́ yìí pọ̀ sí báyìí. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ìṣirò dáadáa. Ohun tí wọ́n ń gbé wọ inú rẹ̀ ni wọn kì í yẹ̀ wò.

Ẹ má ṣe gba ààlà ìlú bí wọ́n ṣe kọ ọ́

Èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lójú tèmi. Ẹ jẹ́ ká mú Èkó. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 9,113,605 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17.5. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pín èéfín ọkọ̀ Èkó sórí nọ́ńbà àkọ́kọ́ yóò sọ pé ohun tí ará Èkó kan ń tú sáfẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ẹni tó lo nọ́ńbà kejì máa sọ. Àwọn méjèèjì á sì kọ ìdáhùn wọn dé nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn désímà, bí ẹni tí nǹkan dá lójú.

Ká tilẹ̀ ní iye èèyàn dájú, ibo ni Èkó parí sí? Ẹni tó ń gbé Mowe tàbí Ìbàfo, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Berger ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn, Ìkejà tàbí Erékùṣù ló ti ń ṣiṣẹ́. Èéfín ọkọ̀ tó wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀, ìpínlẹ̀ wo ló ni ín? Owó oṣù rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀tà náà ńkọ́, àti Àkúté, níbi tí ilé kan ti fẹ̀yìn ti Èkó tí ojú rẹ̀ kọ sí Ògùn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní 2007, Luís Bettencourt, Geoffrey West àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde tí gbogbo ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìlú ti wá mọ̀. Wọ́n ní bí èèyàn ìlú bá di ìlọ́po méjì, owó tó ń wọlé àti ìhùmọ̀ tuntun máa ń ju ìlọ́po méjì lọ, nítorí nǹkan bí 1.15 ni agbára tí a gbé iye èèyàn sí nínú fọ́múlà wọn. Títì àti wáyà iná kì í tó ìlọ́po méjì. Tiwọn jẹ́ nǹkan bí 0.85. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìlọ́po 2.22 ni ti àkọ́kọ́, ìlọ́po 1.80 ni ti èkejì. Fọ́múlà náà kúrú, ó rẹwà, ó sì ń wu èèyàn láti sáré lò. Àmọ́ ní 2014, Rémi Louf àti Marc Barthelemy yẹ èéfín kábọ́ọ̀nù ọkọ̀ ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà wò, wọ́n sì rí i pé ibi tí ènìyàn bá fa ààlà ìlú sí ló ń pinnu ìdáhùn. Fa ààlà báyìí, ìlú ńlá sàn fún afẹ́fẹ́ ju ìlú kékeré lọ. Fà á sí ibòmíràn, ìlú ńlá ló burú jù.

Ẹni tó bá wá fi Èkó tí wọ́n fi ààlà ìpínlẹ̀ wọ̀n wé Accra tí wọ́n fi ibi tí ilé kún dé wọ̀n, kóńgò ló fi wọn gàrí àkọ́kọ́, dẹ̀ríkà ló fi wọn èkejì. Ẹ kọ ààlà tí ẹ lò sí ojú ewé àkọ́kọ́, kì í ṣe sí àfikún ẹ̀yìn ìwé. Ẹ tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú ààlà mìíràn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan. Bí ìdáhùn bá dojú kọ òdìkejì, ẹ má fi pamọ́. Ìyẹn gan-an ni àwárí yín.

Mílíọ̀nù kan náírà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i

Ká ní omíyalé kan máa ba dúkìá mílíọ̀nù kan náírà jẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí ìsinsìnyí. Èló ló tọ́ ká ná lónìí láti dènà rẹ̀? Discount rate ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé fi ń dín owó ọ̀la kù wá sí tòní. Nicholas Stern, nínú ìròyìn tó ṣe fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní 2006, lo nǹkan bí 1.4%. Ti William Nordhaus, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018, sún mọ́ 5.5%. Ní 1.4%, mílíọ̀nù yẹn tó nǹkan bí 249,000 náírà lónìí. Ní 5.5%, kò ju nǹkan bí 4,700 lọ. Omi kan náà, ilé kan náà, ọdún kan náà.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé "a lo 5%" kó sì kọjá lọ, bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ni 5% ti já bọ́. Èyí tó tún burú jù ni kí ó lọ mú iye èlé Báńkì Àpapọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n gbé èlé yẹn dé 27.5%. Ẹ fi ìyẹn dín mílíọ̀nù kan kù fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò ní tó kọ́bọ̀ kan. Ọ̀wọ́ngógó ọjà wà nínú èlé yẹn, ó sì tún jẹ́ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń bá ọ̀wọ́ngógó jà fún oṣù díẹ̀. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ohun tí ọmọ-ọmọ wa tọ́ sí.

Frank Ramsey ti tú nǹkan yìí palẹ̀ láti 1928. Ọmọ Cambridge ni, ó kú ní oṣù Kìíní 1930 lẹ́ni ọdún 26, ẹ̀ka ìṣirò pọ́ńbélé kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nínú ohun tí a ń pè ní òfin Ramsey, apá méjì ni discount rate ní. Apá kan ni àìnísùúrù: a ń fojú kéré ọ̀la torí pé ọ̀la ni. Apá kejì ni pé bí àwọn tó ń bọ̀ bá máa lówó jù wá lọ, náírà kan ò ní já mọ́ nǹkan lójú wọn tó bó ṣe já mọ́ nǹkan lójú wa. Stern fi 0.1 sí àìnísùúrù, ó fi 1 (bí iyì náírà ṣe ń yára dín kù tó bí owó bá ń pọ̀) lọ́nà 1.3 (bí owó ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún) kún un. Nordhaus fi 1.5 síbẹ̀, ó fi 2 lọ́nà 2 kún un. Gbogbo ìjà wọn nìyẹn. Kò sí dátà tó lè dá ti àìnísùúrù yẹn lẹ́jọ́, torí ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ramsey fúnra rẹ̀ sọ pé kíkó ọ̀la dànù torí pé ó jìnnà kò ṣeé gbè lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ tú nọ́ńbà yín sí apá méjì yìí kí òǹkàwé lè rí ibi tí ẹ dúró sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á ní kí òun má bínú ẹnikẹ́ni. Onímọ̀ kan ní 1%, èkejì ní 7%, ó pa wọ́n pọ̀ ó pín in sí méjì, ó gba 4%. Ní 4%, mílíọ̀nù wa jẹ́ nǹkan bí 19,800 náírà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣírò ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti 1% jẹ́ nǹkan bí 369,700, ti 7% jẹ́ nǹkan bí 1,150. Ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì lé ní 185,000. Ó ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ, láti orí pé èèyàn pín in kó tó ṣírò dípò kó ṣírò kó tó pín in. Johan Jensen, ará Denmark tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen gbà síṣẹ́, ti fi ẹ̀rí òfin yìí lélẹ̀ ní 1906: bí ìlà ìṣirò bá tẹ̀ báyìí, kí a pín kí a tó ṣírò kò lè fún wa ní ohun kan náà bíi kí a ṣírò kí a tó pín. Ní 1998, Martin Weitzman fi irú ìṣirò yìí hàn pé bí ọ̀la bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí discount rate máa sún mọ́ èyí tó kéré jù nínú èyí tí a rò pé ó ṣeé ṣe. Ibi tí ìṣirò pọ́ńbélé ti wúlò gan-an nìyí, síbẹ̀ ẹ̀yìn irú òfin báyìí ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọjá, tí wọ́n ń lọ wá tíọ́rẹ́mù tó lórúkọ ńlá.

Omi ọgọ́rùn-ún ọdún

Omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980. Òmíràn tún jà nílùú náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Bí ẹ bá gbọ́ "omi ọgọ́rùn-ún ọdún", ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún ló ń wá. Ohun tó túmọ̀ sí ni 1% lọ́dọọdún. Fún ẹni tó kọ́lé tó sì gbé inú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, 26% ni. Ìyẹn sì jẹ́ bí 1% yẹn bá ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́lé gba ọ̀nà odò, tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti dí gọ́tà, àkọsílẹ̀ òjò àtijọ́ nìkan kò lè sọ ti ọdún yìí.

Ohun tí a yọ kúrò nínú àwòrán

Ní 1736, Leonhard Euler mú afárá méje ìlú Königsberg, ìlú tí a ń pè ní Kaliningrad lónìí, ó sọ ilẹ̀ di àmì, ó sọ afárá di ìlà, ó sì fi hàn pé kò ṣeé ṣe láti rìn wọ́n já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gígùn afárá kò kan ìbéèrè rẹ̀, ó sì tọ́ bó ṣe yọ ọ́ kúrò. Ohun tí àwọn kan ń ṣe lónìí ni kí wọ́n wa máàpù Èkó jáde látorí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sọ ọ́ di àmì àti ìlà, kí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀nà tó yá jù. Kọ̀ǹpútà á mú wọn gba inú àdúgbò tí wọ́n ń ti géètì rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Á mú wọn gba títì tí omi ń bò mọ́lẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ nípa ìgbà tí aboyún máa dé ọsíbítù lóru, géètì yẹn ni iṣẹ́ yín.

Irú rẹ̀ ni ti Dietrich Braess, tó fi hàn ní 1968 pé ọ̀nà tuntun lè dá kún sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ọkọ̀ 4,000, ọ̀nà méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní abala tóóró tí iye ìṣẹ́jú tó ń gbà jẹ́ iye ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀ tí a fi 100 pín, àti abala fífẹ̀ tó ń gba ìṣẹ́jú 45. Lọ́nà kan, abala tóóró ló ṣáájú. Lójú ọ̀nà kejì, òun ló kẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ á pín ara wọn sí 2,000 àti 2,000, kálukú á lo ìṣẹ́jú 65. Ẹ wá la àbùjá tí kò gba ìṣẹ́jú kankan láti abala tóóró kan sí èkejì: gbogbo wọn á sáré gba ibẹ̀, kálukú á lo 80. Ó dáa. Àmọ́ ẹ má wá fi Braess ṣàlàyé gbogbo gosíló Ọ̀jọ́ta. Awakọ̀ tó lè yan ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló wà nínú ìṣirò náà. Dánfó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ àti bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù tó gbọ́dọ̀ dúró, kò lè ya bó ṣe wù ú.

Ẹ̀rí pé nǹkan wà kò sì sọ bí a ṣe máa dé ibẹ̀. Bí tíọ́rẹ́mù Brouwer, tó ń fi hàn pé ojú kan tí kì í yẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, bá fi yé yín pé ojú ìwọ̀n, ibi tí títà àti rírà ti dọ́gba, wà nínú ọjà ìwé àṣẹ èéfín yín, kò tíì sọ pé ọjà náà á rìn dé ibẹ̀.

Kuznets lórí nọ́ńbà ogójì

Gene Grossman àti Alan Krueger ló gbé èrò tí a wá ń pè ní àtẹ Kuznets ti àyíká wá ní 1991: bí orílẹ̀-èdè bá ń lówó, ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ gòkè, á wá wálẹ̀. Simon Kuznets tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é kò sọ̀rọ̀ àyíká. Ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà ni tirẹ̀ ní 1955. Èéfín sulfur tí ará ìlú ń fà símú fúnra wọn lè tẹ̀ lé àtẹ yìí, torí wọ́n á pariwo. Kábọ́ọ̀nù tí ewu rẹ̀ lọ bá aráyé gbogbo ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbé nọ́ńbà ogójì ọdún Nàìjíríà sínú sọ́fítíwià, kí ẹ fi owó orílẹ̀-èdè àti ìlọ́po owó náà nínú ara rẹ̀ sí i, kí ẹ wá pe ìdáhùn ní ìmọ̀ràn fún ìjọba. Granger àti Newbold ti kìlọ̀ láti 1974 pé nǹkan méjì tó ń gòkè lọ́dọọdún lè dà bí ẹbí láìjẹ́ ẹbí.

Èló lo lè san?

Wọ́n máa ń bi ará Makoko pé èló ló lè san kí wọ́n má ṣe da yanrìn sí ọ̀sà tó ti ń pẹja. Owó tó wà lápò apẹja ni yóò fi dáhùn, ìdáhùn á kéré, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé ọ̀sà kò níye lórí. Ẹ bi í pé èló ni kí wọ́n san fún un kó tó gbà kí wọ́n dà á, nọ́ńbà mìíràn pátá lẹ máa gbọ́. Ìbéèrè méjèèjì tọ́. Ẹni tí ẹ bá gbà pé òun ló ni ọ̀sà ló ń pinnu èyí tí ẹ máa bèèrè, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba. Ó tún kù o: ìjọba wó ilé ní Makoko ní oṣù Keje 2012, nítorí náà ẹni tó bá gun ọkọ̀ ojú omi wọlé tòun ti tábúlẹ́ẹ̀tì àti káàdì lọ́rùn lè gba ìdáhùn tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba lóhùn. Ègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé. Ẹ wá ọmọ ibẹ̀ tó máa bá yín bèèrè, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìbéèrè náà bó ṣe bèèrè rẹ̀ gan-an sínú iṣẹ́ yín, ní Ègùn.